Ẹ̀rọ wo ló yẹ ẹ́? Ìfiwéra àwọn ohun tó ń wọn ọtí lára láìgún abẹ́rẹ́

Àwọn tó ń béèrè ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò wá nǹkan kan náà. Ọ̀kan ní bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ kùtù. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ́ mọ̀ bóyá dírẹ́bà tó ń kó àwọn ọmọ ti fi ọtí ṣínu. Ìyá kan ń wá nǹkan tí ọmọ rẹ̀ lè máa wọ̀ sọ́wọ́, nítorí pé ọmọ náà ń gbìyànjú láti jáwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan náà wà níbẹ̀, tó ti ra sẹ́ńsọ̀ kékeré fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tí kò sì mọ ìdí tó fi ń pariwo nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mu ohunkóhun.

Gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé èló ni. Èmi á ní kí wọ́n fi ti owó sẹ́yìn ná. Kí lẹ fẹ́ mọ̀? Ṣé bí ọtí ṣe pọ̀ tó lára ẹni náà nísinsìnyí ni, àbí bóyá ó ti mu ún láti àná wá? Ẹ̀rọ tó mọ ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà mọ èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ṣòfò.

Ẹ̀jẹ̀ ni òdiwọ̀n gbogbo wọn. Bí a bá ní ẹnì kan wà ní 0.05, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé álíkọ́hóòlù tó wà nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.05. Ibẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dábàá pé kí ààlà wà fún awakọ̀, kó sì wálẹ̀ sí 0.02 fún ọ̀dọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀. England àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣì dúró sórí 0.08, Scotland ti sọ tiẹ̀ kalẹ̀ sí 0.05 láti 2014. Kò sí èyí tó dájú tó fífa ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gún dírẹ́bà lábẹ́rẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí? Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wá ọ̀nà mìíràn tí ọtí ń gbà yọjú: èémí, itọ́, ìtọ̀, awọ ara.

Àwọn kan máa ń ní, ṣé a ò lè ka ìgò ni? Ẹ jẹ́ ká kà á, kí ẹ rí ibi tó ń gbé wa lọ. Ìgò bíà ńlá jẹ́ 60 cl. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, álíkọ́hóòlù inú rẹ̀ tó gíráàmù 24. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 mu mẹ́rin láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́. Nínú ìlànà ìṣirò Erik Widmark, ará Sweden tó gbé ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1932, ìgò mẹ́rin yẹn ì bá gbé e dé nǹkan bí 0.20 ká ní ẹ̀dọ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣá. Á máa yọ bí 0.015 kúrò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò sí kọfí tàbí omi tútù tó lè lé e sáré. Nígbà tí aago bá fi máa lu márùn-ún ìdájí, wákàtí mẹ́sàn-án ti kọjá, 0.135 ti lọ, ó ku bí 0.06. Ọkùnrin yìí ti sùn, ó ti wẹ̀, ó ti rin ẹnu, ó ti ṣe àmín sí àdúrà oníwàásù inú ọkọ̀, síbẹ̀ ó ti kọjá ààlà 0.05.

Ìṣirò lásán nìyẹn o, ara kò dọ́gba. Bíà náà ló tún ṣeé ṣírò jù. Ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu ìrọ̀lẹ́, nítorí bí ó bá ṣe ń pẹ́ ló ń kan. Paraga tí wọ́n ń rọ sínú ife kékeré ní gáréèjì kò ní nọ́ńbà kankan lára ìgò. Ẹni tó ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò tilẹ̀ ní gbà pé ọtí lòun mu. Ìtọ́jú ara ló pè é. Ẹ̀rọ kò mọ ìtọ́jú ara yàtọ̀.

Èémí: ẹ̀rọ méjì tó jọra lójú

Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́, ni ọtí ti ń bọ́ sínú èémí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dúró lé ni pé ọtí tó wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan bá èyí tó wà nínú mílílítà èémí 2,100 dọ́gba. Rolla Harger, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Indiana, ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní àwọn ọdún 1930, bálùùnù ni wọ́n ń fẹ́ nígbà náà. Robert Borkenstein tó jẹ́ ọlọ́pàá Indiana wá ṣe Breathalyzer ní 1954. Kẹ́míkà aláwọ̀ ìyeyè ló wà nínú rẹ̀. Bí èémí ọlọ́tí bá gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ á ṣá, wọ́n á sì fi iná wo bó ṣe ṣá tó.

Ti òde òní kò lo kẹ́míkà mọ́. Méjì ló pọ̀ lọ́jà, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀: ike dúdú kan náà, nọ́ńbà pupa kan náà. Inú ló yàtọ̀.

Semiconductor ló wà nínú èyí tí kò wọ́n. Wọ́n fi tin oxide ṣe sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, wáyà kékeré kan sì ń mú un gbóná. Bí ọtí bá kàn án, iná mànàmáná á túbọ̀ rọ́nà gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á sì sọ ìyẹn di nọ́ńbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọtí nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Lọ́fínńdà, sànítáísà, òórùn pẹtiróòlù, gbogbo wọn lè mú un dún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú òórùn pẹtiróòlù ni gáréèjì wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní acetone náà wà níbẹ̀. Ó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò gbọ́ ìtọ́jú, àti ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ìlú tí ààwẹ̀ kì í wọ́n bíi tiwa, pásítọ̀ tó wà lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀ gbígbẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ di ọ̀mùtí lójú ẹ̀rọ. Ojú ọjọ́ náà ń dà á láàmú: nọ́ńbà tí ó bá sọ nígbà ọyẹ́ lè yàtọ̀ sí èyí tí ó máa sọ nígbà tí òjò bá mú ilẹ̀ rin.

Fuel cell ni ìkejì. Orí platinum, irin iyebíye kan, ni álíkọ́hóòlù ti ń yí padà di acetic acid, ásíìdì tó wà nínú fínígà. Bó ṣe ń yí padà ni iná mànàmáná díẹ̀ ń jáde, iná yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Bí ọtí bá pọ̀, iná á pọ̀. Acetone kì í rí i gbé ṣe. Òun ni àwọn ọlọ́pàá ń dì mọ́wọ́ lójú títì níbi tí òfin ti múná. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, èmi kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí rẹ̀: bí iṣẹ́ ẹnì kan bá lè bọ́ lórí ohun tí ẹ̀rọ sọ, fuel cell ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ má rà rárá.

Àwọn méjèèjì ló máa ń ṣìnà bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó yẹ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ tí a ti mọ iye ọtí inú rẹ̀ tún òdiwọ̀n rẹ̀ ṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, èló ni, ọjọ́ mélòó sì ni ẹ̀rọ máa lò níbẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀rọ tòun kì í fẹ́ irú ìyẹn, ẹ dágbére fún un. Mo ti rí èyí tí wọ́n rà ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn tí wọ́n ṣì ń lò lójoojúmọ́. Òdo ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn, inú gbogbo ènìyàn sì ń dùn.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń lo infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, náà wà, tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá lókè òkun. Ti ilé-ẹjọ́ nìyẹn, kò kàn wá.

Bí a ṣe ń fẹ́ ẹ

Ẹ̀rọ dáadáa lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò kò sàn ju kí a máa gbóòórùn ẹnu lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife paraga kalẹ̀ tó wá fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tó máa jáde lè ju ohun tí ènìyàn máa mu tí á ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ lọ. Ọtí tó ṣẹ́kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rọ kà, kì í ṣe ti inú ẹ̀jẹ̀. Omi ìfọnu tó ní álíkọ́hóòlù àti gbígbì tó gbé ọtí padà wá sí ọ̀nà ọ̀fun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kó má jẹ, kó má mu, kó má fa sìgá, kó tó fẹ́ ẹ. Kó fẹ́ ẹ lọ títí ẹ̀rọ á fi dún, nítorí ìgbẹ̀yìn èémí ló ti ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fìn-ín kan tó dákẹ́, afẹ́fẹ́ ẹnu lásán ló fún yín. Bí nọ́ńbà bá ga, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ike ìfẹnusí kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tí ìwé ìlò kò ní í sọ fún yín ni ti ọ̀wọ̀. Akọ̀wé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló máa na ike sí bàbá tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fẹ́ ẹ.” Bàbá á wò ó láti òkè délẹ̀: “Ṣé èmi ni ọ̀mùtí ilé yín?” Ibi tí mo ti rí i tó yọrí sí rere, oní-mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn láràárọ̀, alága á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló máa wá kan dírẹ́bà ní títò, àgbà kí ọmọdé tó ṣe. Wọn kì í fojú yan ẹni tó jọ ọlọ́tí. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga, ẹlòmíràn á gba kọ́kọ́rọ́, wọn kò ní í gbé e sórí ètè.

Itọ́ àti ìtọ̀

Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń ki bọ ẹnu. Èròjà kan wà ní ṣóńṣó rẹ̀ tó máa ń pa àwọ̀ dà bí itọ́ bá ní ọtí nínú, ẹ ó wá fi wé àwọ̀ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì. Kò ní bátìrì, kò fẹ́ àtúnṣe, kò sì wọ́n, ìgbà kan ṣoṣo ni lílò rẹ̀. Ó dára kó wà nílé bí ẹ kò bá ju ẹni méjì tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ló ń kà á: ohun tí èmi pè ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹ́ eérú lójú yín, pàápàá lábẹ́ gílóòbù gáréèjì. Ooru tún ń bà á jẹ́. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn oṣù kẹta, ẹ dà á nù.

Ti ìtọ̀ yàtọ̀ pátápátá. EtG ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ohun tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọtí dà kó tó dé inú ìtọ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọtí fúnra rẹ̀ ti lọ tán. Kò lè sọ fún yín bóyá dírẹ́bà lè wakọ̀ lónìí. Ó lè sọ bóyá ẹni tó ní òun kò mu láti ọjọ́ Ẹtì ń parọ́. Sànítáísà àti omi ìfọnu lè mú díẹ̀ yọ níbẹ̀, torí náà nọ́ńbà kékeré kò tó ohun tí a fi ń mú ènìyàn.

Awọ ara

Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọtí tí a bá mu ló ń gba awọ ara jáde. SCRAM, tí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ń ní kí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n bá ní kó má mu ọtí mọ́, ti ń gbọ́ òórùn yẹn láti 2003. Fuel cell ló wà nínú òun náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ń yẹ awọ wò tọ̀sán tòru. Ó tóbi, kò sì ṣeé fi sókòtò pamọ́. Ní 2015, NIAAA, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọtí, gbé ìdíje kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe èyí tó kéré. BACtrack ló gba ipò kìíní ní 2016 pẹ̀lú Skyn tí wọ́n ń wọ̀ sọ́wọ́ bí aago, wọ́n sì fún wọn ní $200,000.

Mo fẹ́ràn ìmọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má rà á fún gáréèjì. Awọ ara máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Ọtí lè ti ga dé òpin nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn wákàtí kan tàbí méjì, kí awọ tó sọ ọ́. Dírẹ́bà tó da paraga sọ́nà ọ̀fun ní ìdájí lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọ̀yọ́ kí aago ọwọ́ rẹ̀ tó fura. Ẹlòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ́, awọ rẹ̀ lè ṣì máa ròyìn àná. Lọ́fínńdà àti ìpara tó ní spírítì ń dà á rú, òógùn púpọ̀ náà ń yí ohun tó ń gbà padà, a sì mọ bí a ṣe ń làágùn níbí. Ìtàn alẹ́ àti ọ̀sẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ.

Ìmọ́lẹ̀ lórí ìka

Èyí ni gbogbo ènìyàn ń béèrè jù: fi ìka tẹ bọ́tìnnì, kí ọkọ̀ mọ̀ bóyá o mutí. Ìmọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú kò lè rí á wọ awọ ìka, álíkọ́hóòlù á gba díẹ̀ mu nínú rẹ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti omi, ẹ̀rọ á sì ka èyí tó padà jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ààbò ọkọ̀, ti ń ṣe é láti 2008 lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní DADSS, pẹ̀lú ẹ̀ka kejì tó ń gbọ́ èémí awakọ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ ẹnu sí ohunkóhun. Ní 2021, òfin kan jáde níbẹ̀ pé kí NHTSA ṣe ìlànà tí yóò fi irú nǹkan báyìí sínú ọkọ̀ tuntun. Ọtí kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi inú awọ, ìyẹn ló mú iṣẹ́ náà le tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá ń polówó aago olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé iná rẹ̀ ń wọn ọtí, ẹ rántí bí àwọn wọ̀nyí ṣe ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó, pẹ̀lú gbogbo owó wọn. Ẹ tún béèrè pé irú àwọ̀ ara wo ni wọ́n fi dán an wò. Ní 2020, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka láti wọn ọ́síjìn máa ń fojú fo àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Infrared tó jìnnà díẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka dúdú ara sí, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ná.

Ta ni kó ra kí ni

Oní-bọ́ọ̀sì àti ọ̀gá ilé-ìwé: ẹ̀rọ èémí onífuel cell, ọ̀kan tó dára dípò mẹ́ta tí kò wọ́n, àti owó àtúnṣe òdiwọ̀n tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Fún ọkọ̀ ọmọ ilé-ìwé, òdo ni kí ẹ fi ṣe ààlà, ẹ má dúró de 0.05. Kí ẹ̀rọ wà lọ́fíìsì, kó má sùn nínú ọkọ̀.

Fún ìyá yẹn, èmi kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ tó bá já a lójijì lè gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá fẹ́, ti ọrùn ọwọ́ lè wúlò, àbí kó máa fẹ́ ẹ̀rọ èémí láàárọ̀ àti lálẹ́ níwájú ìyá rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Bí kò bá fẹ́, á bọ́ ọ jù síbì kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ló kù. MQ-3 ló rà, semiconductor ni. Ìwé ìlò sẹ́ńsọ̀ náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú un gbóná fún ohun tó ju wákàtí 24 lọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣe é. Kò fi ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin tún nọ́ńbà ṣe. Ààlà tó kọ sínú kóòdù, inú fídíò ẹlòmíràn ló ti kó o. Kó lọ yá ìwọ̀n tó péye ní yàrá kẹ́mísírì, kó po gíráàmù álíkọ́hóòlù 1.21 sínú omi kó di lítà kan, kó mú un dúró sí 34°C, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá: ohun tó máa jáde lókè bá èémí ẹni tó wà ní 0.10 dọ́gba. Kó dín álíkọ́hóòlù náà kù sí ìdajì fún 0.05, kó sì tún fi omi lásán ṣe é. Kó wá yá ẹ̀rọ onífuel cell kan, kó fi àwọn afẹ́fẹ́ mẹ́ta yìí dán òun àti MQ-3 wò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án gangan, kó kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí kan ibi tí tirẹ̀ ti kùnà.